Àmín Tí Mo Ṣe Níbi Àsè Ẹja

Lunenburg, Nova Scotia
Ọjọ́ 24, Oṣù Kẹjọ, 1998

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ooru o. Mo mọ̀ pé Arkansas á ti di ààrò báyìí, ẹ ó sì ti gbé àga yín lọ sábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé. Gordon ní kí n kí yín. Ó ti parí ọkọ̀ ojú omi tó ń kàn láti ìgbà òtútù, ẹni tó ni ín sì ti wá gbé e lọ.

Ìròyìn tèmi kò dára. Ẹ rántí pé mo kọ̀wé lóṣù tó kọjá pé mo lóyún. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Mo lo ọjọ́ mélòó kan nílé ìwòsàn, mo ti padà sílé, mo sì lè dá rìn dé ẹnu ọ̀nà. N kò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ mi ò gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fóònù pè mí nítorí rẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe rí: lórí fóònù, ọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn nìkan lèmi pẹ̀lú yín ń sọ. Inú ìwé ni Màmá ti kọ́ wa láti máa sọ òótọ́.

Mo fẹ́ kí ìjọ gbàdúrà fún mi níbi ìpàdé ọjọ́rú, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí a kì í sọ síta. Ẹ kàn nawọ́ sókè bí Màmá ti máa ń ṣe, kí Pásítọ̀ Clell mọ̀ pé ẹnì kan ní ẹrù lọ́kàn, kó tán síbẹ̀. Inú ìjọ yẹn ni mo dàgbà sí. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti orí àga kan dé òmíràn kí oúnjẹ tó tutù.

Ọmọ yín,
Marlys


Harmon Springs, Arkansas
Ọjọ́ 4, Oṣù Kẹsàn-án

Marlys, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Ẹ kú ìrọ́jú. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo jókòó ti lẹ́tà rẹ fún ìgbà pípẹ́, n kò sì rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí bàbá lè sọ ju ìyẹn lọ.

Mo ṣe bí o ti wí. Nígbà tí Clell béèrè bóyá a rí ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀, mo nawọ́ sókè, n kò sì la ẹnu. Nadine Pogue yíjú wò mí láti orí àga rẹ̀ níwájú. Ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, síbẹ̀ kò sí ọwọ́ tó gòkè nínú ilé ìjọsìn yẹn tí kò rí. Kò bi mí ní nǹkan kan.

Ìdìbò ti gba ìlú kan. Royce Haddock ń du ipò aṣòfin. O máa rántí rẹ̀, òun ló ni ilé ìtajà oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ìjọba nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, títí dòní, “Tíṣà” ló ń pè mí. Díákónì ni, bí èmi náà. Mo ti ri pátákó ìpolongo rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilé. O mọ bí mo ṣe ń yan ẹni tí mo máa dìbò fún. Ohun méjì ni mo máa ń wò: ṣé ó ń kúnlẹ̀ níbi tí ojú ayé kò tó o, ṣé yóò sì gbèjà ẹni tí kò tíì ní ohùn tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Royce yege nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú. O kọ ọ́ pé “wọ́n ti yọ ọ́ kúrò.” Ta ló ní kí wọ́n yọ ọ́? Bí o kò bá fẹ́ dáhùn, má dáhùn. Àmọ́ bàbá rẹ ni mí, mo sì mọ ohun tí mo fi tọ́ ọ.

Bàbá rẹ,
Delbert Stroud


Lunenburg
Ọjọ́ 25, Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Ara mi ti ń yá.

Twyla, ọmọ àbúrò Màmá, fi ìwé ìpolongo kan ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n fi há ẹnu ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ni. Àwòrán Royce Haddock àti ìyàwó rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìyí, mo dà á kọ bó ṣe wà: “Ọmọbìnrin ìjọ wa kan kó lọ sí Kánádà. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní kó bọ́ oyún rẹ̀ dànù bí ẹni bọ́ ẹ̀wù, ó sì gbà. Bàbá rẹ̀ ń sunkún títí dòní. Bí a bá jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò, níbí ló kàn.”

Èèyàn mélòó láti ìjọ yẹn ló wà ní Kánádà?

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ìbéèrè yín. Oyún náà kò dé ilé ọmọ. Ó há sínú ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà kọjá, ọ̀nà náà sì ya. Ilẹ̀ ilé ìdáná ni Gordon ti bá mi. Ẹ̀jẹ̀ ti kún inú mi. Dókítà kò bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́, torí n kò mọ ibi tí mo wà. Kò sí bí ọmọ yẹn ṣe lè yè, Bàbá, ní Kánádà tàbí ní Arkansas, lọ́wọ́ dókítà onígbàgbọ́ tàbí aláìgbàgbọ́. Èmi nìkan ni wọ́n lè gbà là, wọ́n sì gbà mí là. Àwa méjèèjì ti fún un lórúkọ. N kò ní sọ orúkọ náà fún yín nínú lẹ́tà yìí.

Ẹ kọ ọ́ sí mi pé ẹ nawọ́ sókè, ẹ kò sì la ẹnu. Ìbéèrè tí ẹ wá bi mí lẹ́yìn náà, ta lẹ kọ́kọ́ bi?

Marlys


Harmon Springs
Ọjọ́ 5, Oṣù Kẹwàá

Marlys, ọmọ mi,

N kò mọ bí mo ṣe lè kí ọ. Mo dúpẹ́ pé o wà láàyè. Ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kí n kọ́kọ́ kọ nígbà àkọ́kọ́, n kò sì kọ ọ́.

Royce ni mo kọ́kọ́ bi. Lálẹ́ ọjọ́rú yẹn, lẹ́yìn ìpàdé, ó sìn mí dé ìdí ọkọ̀. Ó ní, “Tíṣà, ọwọ́ tí ẹ nà sókè yẹn jọ ọwọ́ ẹni tó gbé irin. Kí ló dé?” Mo sọ fún un. Mo sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà rẹ, mo sì fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí pé o ti gbà kí wọ́n pa á. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó gbàdúrà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. N kò rò pé ẹ̀tàn ni omijé yẹn, títí di òní. Mo wa ọkọ̀ lọ sílé pẹ̀lú ọkàn fífúyẹ́. Nígbà tí mo sì ń kọ̀wé sí ọ, mo yọ ibẹ̀ kúrò. Mo mọ̀ pé mo yọ ọ́.

O kò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Ní ọjọ́ Sátidé kan lóṣù tó kọjá, Royce se àsè ẹja fún gbogbo ìlú ní pápá ìṣeré. Mo jókòó, mo gbé àwo ẹja díndín àti búrẹ́dì àgbàdo lé orúnkún. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé yẹn. Kó tó sọ gbólóhùn kejì ni mo ti mọ̀ pé tiwa ni. Àwọn èèyàn ṣe “Àmín.” Èmi náà ṣe é. Mo ti wá ìdí rẹ̀ títí. Mo fẹ́ sọ pé ó ti mọ́ mi lẹ́nu, pé bí òmíràn bá ti ṣe é ni ẹnu tèmi náà máa ń là. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣe Àmín nítorí pé mo gba ohun tó sọ nípa rẹ gbọ́.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo lọ bá a. O mọ ìlànà tí Olúwa fi lélẹ̀: bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan. Bí kò bá gbọ́, mú ẹnì kan tàbí méjì dání. Bí kò bá tún gbọ́, sọ ọ́ fún ìjọ. Mo bá a nínú ilé ìtajà rẹ̀ láàárín àwọn àpò ọkà, mo sọ fún un pé ohun tó kọ kì í ṣe òótọ́, kó kó àwọn ìwé náà nílẹ̀. Ó ní òun kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní irọ́ ni síbẹ̀. Ó wá ní, “Tíṣà, bí kò bá tiẹ̀ jẹ́ Marlys, ẹlòmíràn ni. Ó ń ṣẹlẹ̀ níbì kan.”

Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́ ìjọba.

Ìgbésẹ̀ kejì kù, àti ìkẹta. Bí mo bá dé ìkẹta, n kò mọ bí mo ṣe lè já irọ́ náà láì tú inú rẹ sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, ohun tí o sì bẹ̀ mí pé kí n má ṣe gan-an nìyẹn. Gbà mí láàyè tàbí kí o kọ̀ fún mi. Àmọ́ dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ


Harmon Springs
Ọjọ́ 17, Oṣù Kẹwàá

Marlys,

N kò tíì rí ìwé rẹ. N kò dá ọ lẹ́bi. Mo kàn ń sọ ohun tó ń lọ fún ọ.

Mo mú Nadine Pogue lọ sílé Royce. Kí a tó lọ, mo sọ fún Nadine pé irọ́ ni ìwé yẹn, pé n kò sì láṣẹ láti sọ òótọ́ rẹ̀ fún òun. Ó ní, “Delbert, ṣé mo bi ọ́ ni?” Ó mú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀ kí n tó rí kọ́kọ́rọ́ mi.

Ìyàwó Royce gbé páì wá fún wa. Nadine kọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ obìnrin yẹn, n kò rí i kó kọ páì rí. Ó ní, “Royce, èmi ni mo kọ́ ọ ní Òfin Mẹ́wàá nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ìkẹsàn-án, èyí tó ní kí a má jẹ́rìí èké, ń kọ́? Àbí o ti sùn lọ kí n tó dé ibẹ̀?”

Royce rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí iye ìbò ṣe sún mọ́ra tó. Ó ní kí a jẹ́ kí òun wọlé ná, pé òun yóò tọrọ àforíjì lẹ́yìn ìdìbò, lójú gbogbo ìjọ bí a bá fẹ́. Nadine ní ẹni tó ti dá ọjọ́ ìrònúpìwàdà sílẹ̀ de ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò tíì ronú pìwà dà, àkókò ló kàn ń wá. Nínú ọkọ̀, ó ní ojú ti òun, pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ òun ni. Mo ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tèmi náà ni.

Clell bẹ̀ mí pé kí n dúró, nítorí ìṣọ̀kan ìjọ. Mo ti hú pátákó Royce kúrò níwájú ilé. Àwọn tó ń kọjá ti ń bi mí bóyá afẹ́fẹ́ ló wó o.

Kọ̀wé sí mi. Bó jẹ́ èébú ni, kọ ọ́.

Bàbá rẹ


Lunenburg
Ọjọ́ 27, Oṣù Kẹwàá

Bàbá,

Mo ti gba méjèèjì. Gordon ní kí n dá yín lóhùn, kì í ṣe pé mo fẹ́.

Ẹ sọ fún wọn. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀, ọ̀nà tó ya, ẹ̀jẹ̀, ilẹ̀ ilé ìdáná. Kí àwọn tó jẹ ẹja lórí ọ̀rọ̀ mi jókòó kí wọ́n gbọ́ ọ. N kò fún yín láàyè nítorí pé mo ti dárí jì yín. Mo fún yín nítorí pé wọ́n ti bọ́ mi síhòòhò tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá máa wò mí, kí wọ́n kúkú rí mi bí mo ṣe rí.

Marlys


Harmon Springs
Ọjọ́ 29, Oṣù Kẹwàá

Marlys, ọmọ mi,

N kò rí ìwé kankan gbà lọ́wọ́ rẹ, ọjọ́rú tó kẹ́yìn ṣáájú ìdìbò sì ti dé. Mo dìde lánàá.

Èèyàn pọ̀. Royce àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Nígbà tí Clell béèrè ẹ̀bẹ̀, mo di àga iwájú mi mú, mo sì sọ báyìí. N kò fi kún un, n kò sì yọ níbẹ̀:

“Ìtàn tó wà lẹ́yìn ìwé Arákùnrin Royce kì í ṣe òótọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ fún un. Ọmọ mi fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí mi lọ́wọ́, mo gbé e jáde, mo sì ti lọ́ ọ po kí ó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ níbi àsè ẹja, mo ṣe Àmín sí i. Mo ti lọ bá Royce lémi nìkan, mo sì ti mú ẹlẹ́rìí lọ. Ẹ̀yin ló kù.”

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn béèrè kí ni òótọ́ ọ̀rọ̀ náà nígbà náà. Mo ní kì í ṣe tèmi láti sọ. Ó ní báwo ni àwọn ṣe máa wá mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ní mo ti kọ́ ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ níwèé, bí wọ́n bá ti rí mi kí n purọ́ rí, kí wọ́n sọ. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni mo rántí pé mo ti purọ́ fún ọ nínú lẹ́tà, mo sì jókòó.

Royce dìde. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní Tíṣà ti ń dàgbà, ìnìkanwà ti ń wọ̀ ọ́ lára láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kí ìjọ jẹ́ kí a gbé e lọ síwájú Olúwa. Wọ́n sì wá, Marlys. Wọ́n yí mi ká, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n sì gbàdúrà kí Ọlọ́run mú ọkàn mi balẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn mi ni. Ọwọ́ wọn gbóná. N kò tíì rí ìtìjú tó dà bí ìyẹn rí. Nadine nìkan ni kò dìde. Ó jókòó, ó kẹ́sẹ̀ léra, ó sì ń wo Royce.

Mo ti kọ̀wé fi ipò díákónì sílẹ̀.

Bàbá rẹ


Harmon Springs
Ọjọ́ 6, Oṣù Kọkànlá

Marlys,

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kan ṣáájú ìdìbò. Ó ti pẹ́ jù. Mo kà á lórí ìdúró lẹ́bàá àpótí ìfìwéránṣẹ́. Mo fẹ́ sọ fún ọ pé inú mi bàjẹ́ pé kò tètè dé, àmọ́ bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mo tún ti purọ́. Inú mi dùn pé kò tètè dé. Bó bá ti wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́rú yẹn, ǹ bá ti kà á sókè kí wọ́n lè gbà mí gbọ́.

O ti gbọ́ lẹ́nu Twyla pé Royce wọlé. Ohun tí Twyla kò mọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Mo ti pinnu pé n kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí n ó fi kú. Àmọ́ mo ti rí ohun tí fífi nǹkan pamọ́ fún ọ ṣe.

Mo dìbò fún un.

Ọkùnrin tó bá a du ipò náà wá sílé mi lóṣù tó kọjá. Pruett ni orúkọ rẹ̀, agbẹjọ́rò. Ó jókòó lórí àga ìyá rẹ. Mo bi í ní ìbéèrè mi nípa ẹni tí kò tíì ní ohùn, ó sì wo ojú mi, ó ní òun mọ̀ pé èsì òun kò ní tẹ́ mi lọ́rùn, síbẹ̀ òun kò ní pa irọ́ fún mi. Ó sì sọ ọ́. Olóòótọ́ ni. Àmọ́ ohun tó gbà gbọ́, n kò lè fi ọwọ́ mi sí i, ohunkóhun tí ì báà ṣẹlẹ̀. Royce gba ohun tí mo gbà gbọ́ gbọ́, ó sì gun ẹ̀yìn ọmọ mi dé ilé aṣòfin.

Mo dúró nínú àgọ́ ìdìbò títí obìnrin tó ń bójú tó o fi béèrè bóyá kálámù kò ṣiṣẹ́. Mo lè fi àyè yẹn sílẹ̀ lófo. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọwọ́ mi sì lọ síbi orúkọ rẹ̀. Mo jáde, mo bá Nadine lórí àtẹ̀gùn, ó ní, “O kú iṣẹ́ rere, Delbert,” ó rò pé ohun tí òun ṣe ni mo ṣe. N kò lè wo ojú rẹ̀.

N kò tọrọ àforíjì nítorí ohun tí mo gbà gbọ́. N kò lè sọ fún ọ pé mo ti yí padà, torí n kò yí padà. Àmọ́ ojú ń tì mí nítorí ẹni tí mo gbé ìgbàgbọ́ yẹn lé lọ́wọ́, àti pé mo mọ̀ ọ́n, mo tún gbé e lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti fẹ́ bẹ̀ ọ́ pé kí n wá kí yín nígbà Kérésìmesì. N kò mọ̀ mọ́ bóyá mo lẹ́nu ẹ̀bẹ̀ yẹn.

Bàbá rẹ


Lunenburg
Ọjọ́ 20, Oṣù Kọkànlá

Bàbá,

Ẹ kú ìnìkanwà.

Mo ka lẹ́tà yín sí Gordon létí. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti dìbò, ó dìde, ó lọ sínú ilé iṣẹ́ rẹ̀, mo sì ń gbọ́ tó ń fá pákó. Nígbà tó padà wọlé, ó ní bàbá òun kú láì jẹ́wọ́ ohunkóhun fún òun rí, bó ti wù kó kéré. Ìyẹn nìkan ló sọ. Ó wá béèrè ohun tí a máa jẹ.

Èmi ṣì ń bínú. Ẹ má rò pé lẹ́tà yìí ni òpin rẹ̀. Mo bínú nítorí Royce, mo sì bínú jù bẹ́ẹ̀ nítorí pé ará ìta ni ẹ bi léèrè ẹni tí mo jẹ́ kí ẹ tó bi mí. Ti ìdìbò yẹn, n kò ní ṣe bí ẹni pé ó yé mi. Ó dùn mí. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi. Bó bá jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ, ǹ bá má kọ̀wé sí yín mọ́ láé.

Ẹ wá. Halifax ni kí ẹ ti bọ́ sílẹ̀, a ó wá pàdé yín. Ẹ mú ẹ̀wù tó nípọn, kì í ṣe èyí tí ẹ ń pè ní nípọn ní Arkansas. Kò sí ìjọ Onítẹ̀bọmi nítòsí wa. Ẹ máa bá mi jókòó nínú ìjọ tí wọ́n ti ń ka àdúrà láti inú ìwé, ẹ kò sì ní sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí a ó fi délé.

Mo máa bínú sí yín bí mo ṣe ń se oúnjẹ yín. Ẹ máa jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì, bí òjò dídì kò bá pọ̀, màá mú yín lọ sí etí òkun níbi tí èmi àti Gordon fi òkúta kan sí. Nígbà tí a bá dúró níbẹ̀ ni n ó sọ orúkọ rẹ̀ fún yín.

Ọmọ yín,
Marlys